Orí Kẹrin: Etí Ni Ká Kọ́kọ́ Wò Lára Bíìtì Forstner

Ihò tí káfíńtà ń lu kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí síkúrúù fẹ́ gbà wọlé kò béèrè ju pé kó jìn tó, kó sì gba ohun tó fẹ́ wọ inú rẹ̀; bí ìdí ihò náà ṣe rí, kò sẹ́ni tó máa wò ó. Ti ife híńjì kọ́bọ́ọ̀dù yàtọ̀ pátápátá. Ìdí ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán, ojú pákó tó yí i ká kò gbọdọ̀ ya, ihò náà kò sì gbọdọ̀ yọ sí òdìkejì ilẹ̀kùn. Irú ihò yìí ni bíìtì Forstner wà fún. Oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà lọ́jà, àwọn kan sì wà tó jẹ́ orúkọ nìkan ni wọ́n fi bá a tan. Ohun tí mo fẹ́ kó yé akẹ́kọ̀ọ́ nínú orí yìí ni pé etí bíìtì náà, ìyẹn òrùka irin tó yí ẹnu rẹ̀ ká, ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, ká tó béèrè irin tí wọ́n fi rọ ọ́, ká tó dúnàá-dúrà. Iye bíìtì tó wà nínú páálí ló yẹ kó gbẹ̀yìn gbogbo ìbéèrè, àmọ́ òun gan-an ni ọ̀pọ̀ oníbàárà kọ́kọ́ ń kà.

Benjamin Forstner tí bíìtì náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, alágbẹ̀dẹ ìbọn ni. Ìlú Salem ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní Amẹ́ríkà, ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí bíìtì rẹ̀ ní ọdún 1874. Iṣẹ́ tó ń ṣe yìí ló ṣàlàyé ohun tó rọ. Bíìtì tí àwọn oníṣẹ́ igi sábà máa ń lò láyé ìgbà náà ní ṣóńṣó tó lọ́ bíi síkúrúù, ṣóńṣó náà ló sì ń fa bíìtì wọ inú igi. Bí kò bá rí igi dì mú, bíìtì kò lọ síbì kankan. Bí ó bá sì rí igi dì mú, òun ló máa kọ́kọ́ yọ sí òdìkejì, kí ihò tó jìn dé ibi tí a fẹ́. Igi ìdí ìbọn kò gba irú rẹ̀: ihò tí kò jìn, ihò tó wọra wọn, ihò tí apá kan rẹ̀ bọ́ sétí igi, ni irin ìbọn máa ń jókòó sí. Forstner yọ ṣóńṣó lílọ́ náà kúrò, ó fi òrùka olójú mímú yí ẹnu bíìtì ká, ó sì jẹ́ kí òrùka náà máa darí rẹ̀. Ibi tí etí bá ti tẹ igi ni bíìtì ń gbà lọ, ìbáà jẹ́ pé igi wà lábẹ́ àárín rẹ̀ tàbí kò sí. Ṣóńṣó kékeré tó wà láàárín èyí tí à ń rà lónìí, kó lè bá ojú àmì tí a fi pẹ́ńsù sí lọ ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀. Gbàrà tí etí bá ti wọ igi, iṣẹ́ ṣóńṣó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ etí fi wúwo tó bẹ́ẹ̀, ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí bíìtì bá kan igi. Ohun mẹ́ta ló wà lẹ́nu rẹ̀: ṣóńṣó láàárín, abẹ méjì tó nà láti àárín dé etí, àti etí fúnra rẹ̀. Etí ló ń gé fọ́nrán igi yí ká ní róbótó; lẹ́yìn tó bá gé wọn tán ni abẹ méjèèjì á máa fá inú róbótó náà, tí èérún igi á sì máa tú jáde. Ètò yìí kò gbọdọ̀ yí padà. Bí abẹ bá ṣáájú etí kan igi, fọ́nrán tí etí kò tíì gé ni yóò máa fà, ojú pákó á sì ṣí kọjá ààlà ihò. Nítorí náà, kí ẹni tó fẹ́ ra bíìtì gbé e dúró ní ìdojúkọ ìmọ́lẹ̀, kó wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Etí gbọ́dọ̀ yọ síwájú abẹ díẹ̀, abẹ méjèèjì sì gbọ́dọ̀ wà lọ́gbọọgba. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, èyí tó ga nìkan ni yóò máa ṣiṣẹ́, bíìtì á máa gbọ̀n, òun nìkan ni yóò sì tètè kú. Lẹ́yìn ìyẹn, kó fi èékánná kan etí náà jẹ́jẹ́ láti inú síta. Etí tó mú á kọ́ èékánná. Èyí tí kò mú á yọ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ọ̀dà tàbí àwọ̀ wúrà tí wọ́n fi kun ara bíìtì kò sọ nǹkan kan nípa èyí. Nígbà mìíràn gan-an, wọ́n kùn ún dé ojú ẹnu, ọ̀dà sì ti bo ibi tó yẹ kó mú.

Oríṣi etí méjì ló gbajúmọ̀. Èkíní ni etí gbọọrọ, tí kò ní eyín, tó jẹ́ pé ibi tí abẹ méjèèjì ti kọjá nìkan ló dá a dúró. Èkejì ni etí eléyín, tí wọ́n gé bíi ti ayùn. Ẹ̀ka kẹta wà tí àwọn oníṣòwò ń kó mọ́ wọn, tí kì í sì í ṣe ara wọn: bíìtì híńjì tó ní abẹ kábáìdì méjì àti abẹ kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n tí kò ní òrùka kankan. Ó wúlò fún ihò híńjì lójú pákó, pàápàá lórí ẹ̀rọ tó dúró lójú kan. Ẹni tó bá rà á pẹ̀lú èrò pé Forstner ni, tó wá fẹ́ fi lu ihò tó wọra wọn láti fi gbẹ́ ojú ihò tí àtẹ̀bọ̀ máa wọ̀, yóò rí i pé bíìtì náà á sá lọ sínú ihò tó ti lu tẹ́lẹ̀, nítorí kò sí etí tí yóò dì í mú. Ìyàtọ̀ yìí nìkan tó láti fi mọ̀ pé etí ni ohun tí à ń rà. Ká sì fi sọ́kàn pé ihò tó bọ́ sétí igi, orí dírílì onídùúró ni wọ́n ti ń lu ú, pẹ̀lú pákó tí a fi kíláǹpù dè mọ́lẹ̀. Ọwọ́ lásán kò lè mú bíìtì dúró kí etí tó wọ igi.

Àwọn kan á ní kò yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí gùn: kí oníṣẹ́ ra eléyín, nítorí ó yá jù. Òótọ́ ni pé ó yá. Etí gbọọrọ ń ha igi ní gbogbo àyíká rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tó bá sì ń ha nǹkan, yóò gbóná. Eyín ń fi àyè sílẹ̀ láàárín ara wọn, ìhà díẹ̀ ló ń kan igi, èérún sì ń rí ọ̀nà jáde. Nínú ihò tó fẹ̀, àti nínú orí igi níbi tí a ti gé e lábùú, eléyín ló yẹ, n kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n lójú pákó tí ojú máa rí, etí gbọọrọ tó mú máa ń fi ihò tó mọ́ tónítóní sílẹ̀ ju eléyín lọ, torí ó ń gé fọ́nrán bí ọ̀bẹ ṣe ń gé e, nígbà tí eyín ń gé e ní ìgékúgèé bí ayùn. Ohun tó yẹ ká fi pààlà ni bí ihò ṣe fẹ̀ tó. Láti 25 mm sísàlẹ̀, òǹrajà lè mú etí gbọọrọ láìronú jìnnà, nítorí àyíká rẹ̀ kò gùn tó láti dá ooru púpọ̀ sílẹ̀. Láti 35 mm sókè, kó mú eléyín, àyàfi bí ihò náà bá máa wà ní gbangba, tí dírílì tó wà lọ́wọ́ sì lè rọra yí.

Ọ̀rọ̀ ooru yìí yẹ ká dúró tì, nítorí òun ló ń pa bíìtì ju igi lọ. Ká ṣírò ó. Bíìtì 35 mm, àyíká etí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 110 mm. Bí dírílì bá ń yí ní ìgbà 2,800 ní ìṣẹ́jú kan, ọ̀nà tí etí náà ń rìn lórí igi á tó mítà 308 láàárín ìṣẹ́jú yẹn. Bíìtì 10 mm lórí dírílì kan náà kò rìn ju nǹkan bí mítà 88 lọ. Ẹni tó ń fi eré kan náà lu ihò méjèèjì kò ṣe ohun kan náà rárá. Bí ó bá dín eré dírílì kù sí 500, mítà 55 ni etí bíìtì 35 mm yóò rìn, igi á sì fá dípò kó jó. Dírílì oníbátìrì tó ní jíà méjì sábà máa ń wà ní àyíká eré yìí bí a bá yí i sí 1. Bíìtì Forstner kò sì ní ọ̀nà lílọ́ lára tí èérún lè gbà gòkè. Bí ihò bá ti ń jìn, ẹni tó ń lu ú gbọ́dọ̀ máa fa bíìtì jáde lóòrèkóòrè kí èérún lè dà nù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó máa há sínú ihò, òun náà á sì máa fi kún ooru.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ irin ti wọlé. Irin olópọ̀ èédú, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ bíìtì olówó pọ́ọ́kú, ṣeé pọ́n kó mú gan-an, àmọ́ bí ooru bá lé ní 200 °C, líle rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bí etí bá ti yọ àwọ̀ búlúù, ó ti rọ̀ níbẹ̀, kò sí pípọ́n tó lè dá líle yẹn padà. Irin tí wọ́n ń kọ HSS sí lára lè fara da ooru tó súnmọ́ 600 °C kó tó rọ̀. Kábáìdì le ju méjèèjì lọ. Láti inú èyí ni àtakò kan ti máa ń wá: bí kábáìdì bá le jù, kí ló dé tí oníṣẹ́ kò kúkú ra òun nìkan? Ìdáhùn wà nínú igi tí à ń lu. MDF, HDF àti pákó tí wọ́n fi èérún igi tẹ̀, gọ́ọ̀mù gbígbẹ ló kún inú wọn. Gọ́ọ̀mù yìí ń jẹ etí irin lásán, kábáìdì ló sì lè bá a ṣe pẹ́. Káfíńtà tó jẹ́ pé kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná àti wọ́dúróòbù oní-MDF ni iṣẹ́ rẹ̀ láti Mọ́ńdè dé Sátidé, owó kábáìdì rẹ̀ kò ṣòfò. Ṣùgbọ́n ohun tó le ló ń sán. Kábáìdì kì í sábà gba ẹnu tó mú tó ti irin HSS tuntun, bí ó bá sì kọlu ohun líle, ó lè sán kúrò lẹ́ẹ̀kan náà.

Igi ilẹ̀ wa fi ọ̀ràn náà hàn kedere. Arère rọ̀, ó fúyẹ́, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á rò pé bíìtì tó ti kú lè lu ú. Òdìkejì ni òótọ́ ọ̀rọ̀: nítorí fọ́nrán rẹ̀ rọ̀, ó máa ń tẹ̀ sábẹ́ etí tí kò mú, á wá ya dípò kó gé. Etí HSS tó mú dáadáa, tó jẹ́ gbọọrọ, ló bá a lára mu ju kábáìdì lọ. Ìrókò ní ìṣòro tirẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìlagi mọ̀ pé òkúta máa ń wà nínú rẹ̀: calcium carbonate ni, èròjà kan náà tó wà nínú ìkarahun ìgbín, igi náà ló sì ń kó o jọ sínú ara rẹ̀ bó ṣe ń dàgbà. Òkúta náà lè fara sin pátá lábẹ́ ojú pákó tó dán. Bí bíìtì kábáìdì tó ń sáré bá pàdé rẹ̀, ó lè sán. Bí etí HSS bá pàdé rẹ̀, yóò kú tàbí kó wó díẹ̀, ṣùgbọ́n fáìlì lè tún un ṣe. Lórí ìrókò, mo fara mọ́ HSS, kí dírílì rọra yí, kí ọwọ́ sì tètè gbọ́ ìyàtọ̀ nígbà tí ohùn ẹ̀rọ bá yí padà. Kí oníṣẹ́ má sì gbàgbé ìbòmú, torí ìyẹ̀fun ìrókò máa ń yún àwọn kan lára, ó sì máa ń dí wọn lémìí.

Ìwọ̀n wá kàn báyìí, ihò híńjì ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Ife híńjì tó ń fara pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, 35 mm ni fífẹ̀ èyí tó wọ́pọ̀ jù. 26 mm ni ti èyí tó kéré. Jíjìn ihò rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí 11.5 mm sí 13 mm. Ká ní ilẹ̀kùn jẹ́ 16 mm, a sì lu ihò 13 mm: 3 mm péré ló ṣẹ́ kù. Bí ṣóńṣó bíìtì bá gùn ju 3 mm lọ, yóò yọ sí iwájú ilẹ̀kùn, níbi tí oníbàárà máa kọ́kọ́ wò. Kò sí etí tó lè tún ìyẹn ṣe. Nítorí náà, kí òǹrajà fi rúlà wọn ṣóńṣó láti ojú etí sókè, kó sì ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù kó tó sanwó. Ìbéèrè ínṣì àti mílímítà náà wà níbẹ̀. Bíìtì tí wọ́n kọ 1⅜ ínṣì sí lára fẹ̀ tó 34.93 mm, ó sì lè ṣiṣẹ́ ife 35 mm láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n bíìtì 1 ínṣì, tó jẹ́ 25.4 mm, kò lè gba ife 26 mm. Ẹni tó ra páálí oníínṣì nítorí pé nọ́ńbà rẹ̀ súnmọ́ra yóò rí ọ̀kan tó bọ́ sí i, á sì rí òmíràn tó sọ ọ́ di ẹni tó ń fi sáńpépà fẹ ihò.

Àtakò tó lágbára jù lọ ni ti owó. Wọ́n á ní páálí oníbíìtì 16 lè má wọ́n ju bíìtì dáadáa méjì lọ, ta wá ni yóò fi 16 sílẹ̀ mú méjì? Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀, pàápàá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ká bi í pé ihò mélòó ni iṣẹ́ rẹ̀ ń béèrè ní tòótọ́. Ẹni tó ń kan kọ́bọ́ọ̀dù ń lo 35 mm fún híńjì lójoojúmọ́, ó sì ń lo 15 mm fún kọ́ńkọ́ irin tí wọ́n fi ń so pákó pọ̀ nínú àga àti bẹ́ẹ̀dì tó ṣeé tú. Bóyá ó tún nílò 25 mm fún òpó ìfaṣọkọ́. Àwọn yòókù á jókòó sínú páálí títí ìpẹtà á fi mú wọn. Owó tó yẹ kó ra etí méjì tí wọ́n pọ́n dáadáa ni wọ́n ti pín sórí etí 16 tí ẹnì kankan kò pọ́n délẹ̀, èyí tó ń lò lójoojúmọ́ sì wà lára àwọn tí kò pọ́n délẹ̀ náà. Mo gbà pé páálí náà ní àyè tirẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ fọwọ́ kan gbogbo ìwọ̀n lè rà á, oníṣẹ́ tó nílò ihò 40 mm lẹ́ẹ̀kan lọ́dún sì lè fara mọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ibi tí n kò gbà ni pé kí irú bíìtì bẹ́ẹ̀ wà lẹ́nu dírílì ní gbogbo àárọ̀.

Bákan náà ni ẹni tó bá sọ pé bíìtì pẹlẹbẹ olówó pọ́ọ́kú ń lu ihò 35 mm náà kò purọ́. Fún ihò tí wáyà máa gbà kọjá lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, òun gan-an ni kó lò. Ṣóńṣó rẹ̀ gùn púpọ̀, kò sì ní etí, nítorí náà kò ṣeé lò fún ihò tí kò gbọdọ̀ yọ.

Ohun kan tó kù tí òǹrajà gbọ́dọ̀ wò ni bóyá bíìtì náà ṣeé pọ́n, nítorí gbogbo etí ló máa kú lọ́jọ́ kan. Fáìlì tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí òkúta ìpọ́n kékeré ni wọ́n fi ń pọ́n ojú abẹ méjèèjì, iye ìgbà kan náà fún ìkíní àti ìkejì kí wọ́n lè máa bá ara wọn dọ́gba. Etí gbọọrọ, láti inú ni wọ́n ti ń pọ́n ọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi fáìlì kan ìta rẹ̀, torí bíìtì 35 mm tí a bá pọ́n níta yóò di 34.8 mm tàbí kó kéré sí i, ife híńjì á sì há lẹ́nu ihò. Èyí túmọ̀ sí pé kí àyè tó wà láàárín abẹ àti etí gba fáìlì láti wọlé. Lára bíìtì 35 mm, àyè náà sábà máa ń tó. Lára èyí tí kò tó 12 mm, fáìlì kì í fẹ́ rí ibi wọ̀ rárá, ìdí nìyí tí n kò fi rò pé ó yẹ kéèyàn náwó gọbọi lórí ìwọ̀n kékeré wọ̀nyẹn: kó ra èyí tí etí rẹ̀ mú lọ́jọ́ tó rà á, kó lò ó títí yóò fi kú, kó sì pààrọ̀ rẹ̀.